Àpò òjé tó há sórí igi: ìdáhùn fún ìyá kan tó ń kọ́ bí a ṣe ń ju okùn

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi rèé, mo kàn gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi okùn gun igi fún ìgbádùn níbí ní Georgia, ní Amẹ́ríkà. Olùkọ́ ló bá wa ju okùn sórí igi lọ́jọ́ náà, àwa kàn gùn ún ni. Ní báyìí a ti ra irinṣẹ́ tiwa, igi white oak ńlá kan sì wà lẹ́yìn ilé wa. Ní Sátidé tó kọjá, wákàtí méjì gbáko ni mo fi ń ju okùn, kò bọ́ síbi tí mo fẹ́. Nígbà tó máa gbabì kan kọjá, ẹ̀ka mẹ́ta ló gbé e lórí. Mo fà á, ó há. Àpò òjé tó so mọ́ okùn náà ṣì wà lókè bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, okùn rẹ̀ ń fì nílẹ̀. Ọkọ mi ní kí n lọ ra rọ́bà ńlá tí wọ́n fi ń ta á. Kí ni mo ń ṣì ṣe?"

Àbúrò mi, ẹ kú làálàá. Mo mọ̀ pé ọrùn á ti máa ro yín láti Sátidé. Ẹ má tíì ra rọ́bà. Rọ́bà á gbé àpò yín ga ju ibi tí ọwọ́ lè gbé e dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣòro yín kì í ṣe ti gíga. Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà yín ni pé jíjù lẹ ná gbogbo agbára lé lórí, bẹ́ẹ̀ jíjù ló kéré jù nínú iṣẹ́ yìí. Wíwò tó ṣáájú rẹ̀, àti ohun tí ọwọ́ ń ṣe lẹ́yìn tí àpò bá ti kọjá ẹ̀ka, ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Ẹ tiẹ̀ ti ṣe èyí tó le: okùn yín kọjá ẹ̀ka mẹ́ta. Ẹ̀ka méjì péré ló kù láti yọ kúrò níbẹ̀, èmi á sì fi bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ hàn yín.

Nítorí àwọn mìíràn tó ń kà á, ẹ jẹ́ kí n sọ orúkọ tí mo ń pe nǹkan. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní throw line, òun ni okùn àjùsókè. Àpò kékeré tí wọ́n rán pa, tí ọta òjé wà nínú rẹ̀, tó ní òrùka lórí, òun ni àpò òjé. Èyí tó nípọn, tí ènìyàn máa fi ara rọ̀ sí, òun ni okùn ìgungi. Okùn àjùsókè kì í gbé ènìyàn láéláé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fa okùn ìgungi kọjá lórí ẹ̀ka, ó tán.

Àwọn adẹ́mu wa nílé kò nílò rẹ̀. Igbà ni tiwọn: wọ́n á fi yí ara ọ̀pẹ àti ara wọn ká, wọ́n á fẹ̀yìn tì í, wọ́n á máa gbé e sókè bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń gòkè. Ọ̀pẹ kò lẹ́ka, kò sì sanra jù. Igi oak tí ènìyàn méjì kò lè nawọ́ gbá mọ́ra kò ṣeé fi igbà gùn. Àwa tó ń gun igi fún ìgbádùn kì í sì í de irin onímú mọ́ ẹsẹ̀ láti fi gún igi tó wà láàyè, nítorí ọgbẹ́ ni gbogbo ihò tí irin bá dá sí i lára. Ọ̀nà okùn ló kù. Àwọn tó ń tọ́jú igi ló ń lò ó tẹ́lẹ̀ fún iṣẹ́ wọn. Peter Jenkins, tó dá Tree Climbers International, ẹgbẹ́ àwọn agungi, sílẹ̀ ní Atlanta ní Georgia ní 1983, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi kọ́ ará ìlú lásán pé àwọn náà lè gùn. Nítorí náà, ìlú tí ẹ ti ń kọ́ ọ yẹn, ìdí rẹ̀ gan-an lẹ wà.

Ó yá, wíwò. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Nídìí iṣẹ́ yìí, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ yẹn gẹ́lẹ́ ni kí ẹ ṣe é. Ẹni tó bá dúró sí ìdí igi tó gbójú sókè, ikùn ẹ̀ka ló ń rí. Gbogbo wọn á dà bíi pé wọ́n wà lójú kan náà. Ẹ rìn sẹ́yìn títí ẹ ó fi rí igi látorí dé ìdí, kí ẹ wá yí i po. Wáyà iná ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Òfin iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní kí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ iná jìnnà sí wáyà òkè ní ẹsẹ̀ bàtà 10 ó kéré tán, ìyẹn mítà 3. Èmi ò tilẹ̀ ń wọn èyí. Bí àpò mi bá lè fò dé wáyà, tàbí tí afẹ́fẹ́ lè gbé okùn dé ibẹ̀, igi mìíràn ni mò ń lọ. Lẹ́yìn wáyà, ẹ wo ẹ̀ka tó ti kú, èyí tí kò rúwé tí èèpo rẹ̀ ti ń bọ́, àti èyí tó ti ṣẹ́ tó kàn gbé ara lé òmíràn lókè. Àpò òjé yín lè jí irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ lójú oorun. Ẹ wo ìdí igi bóyá olú hù sí i, ẹ wo ihò bóyá oyin tàbí agbọ́n ń wọlé jáde.

Ẹ̀yin ṣoríire ní ti igi. White oak lágbára, ẹ̀ka rẹ̀ máa ń nà jáde gbọọrọ, kì í pọ̀ jù ní gígùn sókè, àyè tí okùn máa gbà sì pọ̀ láàárín wọn. Ká ní tulip poplar ni, tó pọ̀ káàkiri Atlanta, ẹ̀ka àkọ́kọ́ rẹ̀ ì bá ga fíofío, igi rẹ̀ a sì máa ṣẹ́ ju ti oak lọ. Páìnì ni mi ò gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níyànjú láti fọwọ́ kàn: kùkùté ẹ̀ka gbígbẹ tó ń yọ lára rẹ̀ kiri yóò gbé àpò yín mì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́, oje rẹ̀ á sì ba okùn jẹ́.

Ẹ̀ka wo lẹ máa wá? Èyí tó wà láàyè, tó so mọ́ ara igi dáadáa, tó sì sanra tó sẹ̀ǹtímítà 10 ó kéré tán níbi tí okùn máa jókòó sí. Kí okùn jókòó nítòsí ara igi, kó má lọ sí ìrù ẹ̀ka, torí bí ẹ bá ṣe jìnnà sí ara igi tó ni ìwúwo yín á ṣe máa tẹ ẹ̀ka náà tó. Ọ̀nà tí ẹ fi ń gùn náà wà nínú ìṣirò. Bí okùn bá gba orí ẹ̀ka kọjá tí apá méjèèjì rẹ̀ padà sọ́dọ̀ yín, ìwúwo yín nìkan ni ẹ̀ka ń gbé. Bí ẹ bá so apá kan mọ́ ìdí igi tí ẹ ń gun apá kejì, ẹ̀ka á gbé tó ìlọ́po méjì: ẹni kílò 75 á di nǹkan bíi kílò 150 lórí ẹ̀ka. Ọ̀pọ̀ tó kọ́ ọ̀nà kejì yìí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀ka tó tó fún ti àkọ́kọ́ lè má tó fún ti èkejì.

Ẹ yan ẹ̀ka tí kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 25 sí 30 lọ fún oṣù àkọ́kọ́. Ẹ fi fóònù ya igi náà láti ibi tí ẹ máa dúró sí, kí ẹ fi ìka fa ilà sórí ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ àti àlàfo tí àpò máa gbà lọ tó máa gbà bọ̀. Èmi ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní lórí igi tí mi ò mọ̀. Bí ẹ kò bá rí àlàfo ìbọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ka, ẹ máa wá ibòmíràn dúró sí kí ẹ tó jù rárá. Lásìkò òtútù tí ewé bá ti wọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń hàn gedegbe. Ìgbà náà ló dáa jù fún ẹ̀kọ́.

Ní ti irinṣẹ́, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Okùn tó jẹ́ mìlímítà 1.75 sí 2.2, tí wọ́n fi Dyneema, fọ́nrán àtọwọ́dá tó lágbára gan-an, ṣe, tó ń yọ̀, ni kí ẹ lò, kó sì gùn tó mítà 45 ó kéré tán. Àpò òjé máa ń wá láti ounce 8 dé 16. Ounce 12, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 340, ló bá àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mu. Kí ounce 14 kan wà nílẹ̀ pẹ̀lú, torí èèpo white oak rí pálapàla, àpò fífúyẹ́ lè kọ̀ láti fa okùn bọ̀ wálẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ má ká okùn náà mọ́ ọwọ́ bíi ti okùn ìfami. Àpótí aṣọ tó ń ká pọ̀ wà tí wọ́n ṣe fún un. Ẹ máa da okùn sínú rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀, lé ara wọn lórí, láìká a. Okùn tó lọ́ mọ́ra nílẹ̀ á fa àpò yín padà nínú afẹ́fẹ́, ẹ ó wá máa dá ọwọ́ yín lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ kí n wá bi yín: ṣé ẹ ti sọ òkò sí máńgòrò rí nílé? Ọ̀pọ̀ wa ló dàgbà sínú rẹ̀. Apá á ga ju orí lọ, gbogbo agbára èjìká á sì tẹ̀lé òkúta. Apá òkò máńgòrò yìí ló ń ṣàkóbá fún wa. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá níbí tí apá wọn le bí irin, tí àpò òjé wọn sì ń lọ síbi gbogbo àfi ibi tí wọ́n ń wò. Àpò òjé kì í ṣe òkò. Ńṣe là ń fì í. Ìwúwo tirẹ̀ ló máa gbé e lọ; iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ tú u sílẹ̀ lásìkò. Ohun kan péré ni kí ẹ mú nínú òkò máńgòrò: ojú. Ọmọ tó mọ òkò sọ kì í wo òkúta ọwọ́ rẹ̀.

Ọlọ́wọ́ kan ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́. Ẹ di okùn mú lókè àpò, kó jẹ́ pé bí ẹ bá sọ apá sílẹ̀, àpò á rọ̀ sí ibi orúnkún tàbí kó lọ sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ òdìkejì ọwọ́ tí ẹ fi ń jù ṣíwájú. Ẹ fì í síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, kó má tíì le; ẹ̀ẹ̀kẹta ni kí ẹ jẹ́ kó lọ. Ìgbà wo gan-an lẹ máa tú u? Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í nìyí. Bí ẹ bá tètè tú u, nígbà tí ọwọ́ ṣì wà nísàlẹ̀ ìbàdí, àpò á sáré lọ síwájú, kò ní gòkè. Bí ẹ bá pẹ́, tí ọwọ́ ti kọjá orí, á gòkè lóòótọ́ ṣùgbọ́n ẹ̀yìn yín ló máa já sí, tàbí orí yín. Ìgbà tí ọwọ́ bá dé àyà sí ojú ni àsìkò rẹ̀. Kí ọwọ́ sì máa bá a lọ sókè lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú u, bí ẹni pé ẹ ń nawọ́ sí ẹ̀ka náà. Bí ẹ bá dá ọwọ́ dúró gbàgà, àpò á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tí ẹsẹ̀ bàtà 30 bá ti rọrùn, ẹ lọ sí ọlọ́wọ́ méjì. Ẹ ṣẹ́ okùn po ní nǹkan bí ìdajì apá sókè àpò, kí ẹ ti ibi tí ẹ ṣẹ́ po yẹn bọ inú òrùka àpò. Ẹ fi ọwọ́ kan di ìṣẹ́po náà mú, kí ẹ fi ọwọ́ kejì di okùn tó kù mú, àpò á wá rọ̀ láàárín bí ọmọ nínú ọ̀já. Ẹ la ẹsẹ̀, ẹ tẹ orúnkún, kí ẹ fì í láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ̀yìn yín máa tọ́. Agbára á ti inú itan wá. Ọwọ́ méjèèjì ló gbọdọ̀ tú u lẹ́ẹ̀kan náà, okùn á sì yọ́ kúrò nínú òrùka fúnra rẹ̀. Ọ̀nà yìí kì í yà sósì tàbí sọ́tùn-ún tó ti ọlọ́wọ́ kan, torí ọwọ́ méjì ń ṣọ́ ara wọn.

Ẹ má dúró sábẹ́ ẹ̀ka gan-an. Fún ẹ̀ka ẹsẹ̀ bàtà 30, ìṣísẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún sẹ́yìn dára, kí àpò lè gba orí rẹ̀ kọjá bí ẹni fo fẹ́ńsì, kó sì bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ bọ́ òrùka àti aago. Ẹ wò ó pé ẹsẹ̀ yín kò sí lórí okùn. Kí gbogbo ẹni tó wà nítòsí dé akoto, kí ẹni tó fẹ́ jù sì pariwo "Ẹ yàgò o!" kó tó fì. Ọmọ yín gbọdọ̀ mọ̀ pé bó bá ti gbọ́ ọ, ẹ̀yìn ẹni tó ń jù ni kó sá wá.

Ó wá kan ibi tí Sátidé yín ti dàrú. Bí àpò bá ti kọjá ẹ̀ka, ẹ má di okùn mú lójijì. Bí ẹ bá dì í, àpò á fì padà, á wé mọ́ ẹ̀ka lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí okùn máa yọ́ láàárín ìka tó wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń sọ kete sínú kànga, títí àpò á fi dé ilẹ̀ jẹ́jẹ́.

Okùn yín ti wà lórí ẹ̀ka mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní ti iwájú, ti àárín, àti ti ẹ̀yìn, ti àárín sì ni ẹ fẹ́. Ká sọ pé kò tíì há, àpò wà nílẹ̀ lẹ́yìn igi. Ẹ fa okùn láti ọ̀dọ̀ yín, díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan máa wo àpò bó ṣe ń gòkè. Bó bá kù díẹ̀ kó kan ikùn ẹ̀ka ẹ̀yìn, ẹ dúró. Ẹ jẹ́ kó dákẹ́ fífì. Kí ẹ wá fà á jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ kan ṣoṣo títí á fi yí gun orí ẹ̀ka náà. Ìgbà tó bá ti yí kọjá báyìí, ẹ tú okùn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àpò á já sí àlàfo tó wà láàárín ẹ̀ka ẹ̀yìn àti ti àárín, á sì máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ka ẹ̀yìn ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ wá lọ sí ẹ̀yìn igi, ẹ tú àpò kúrò, kí ẹ lọ so ó mọ́ ìdí kejì okùn, èyí tó wà ní iwájú níbi tí ẹ ti jù. Ẹ padà sí ẹ̀yìn, kí ẹ máa fa okùn láti ibẹ̀. Ohun kan náà á ṣẹlẹ̀: àpò á gòkè, á yí gun ẹ̀ka iwájú, ẹ ó tú u sílẹ̀, á sì já sí àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti ti àárín. Ẹ̀ka àárín nìkan ló kù lábẹ́ okùn. Bí ẹ bá ní àpò méjì, ẹ so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ìdí okùn méjèèjì látìbẹ̀rẹ̀, ìrìnkèrindò á dínkù.

Nínú gbogbo ohun tí mo kọ síhìn-ín, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́ jù. Ẹni tó mọ fà, dúró, tú sílẹ̀ kò nílò kó ju àpò bá àfojúsùn gan-an. Kó ṣáà ti kọjá lórí igi nítòsí ibẹ̀, ọwọ́ á tún un ṣe. Mo ti rí àwọn tó ń jù lógún ìgbà tí wọ́n sì ń fa àpò padà tìbínú-tìbínú, bẹ́ẹ̀ jíjù kẹta wọn ti dára tó, wọn ò kàn mọ̀ pé ó ṣeé tún ṣe ni.

Bí okùn bá jìnnà sí ara igi lórí ẹ̀ka tó tọ́, ẹ wo bí ẹ̀ka ṣe dagun. Bí ìrù rẹ̀ bá ga ju ìdí lọ, ẹ mi okùn bí ìgbì omi láti ìsàlẹ̀, okùn á máa yọ́ lọ sí ara igi fúnra rẹ̀. Bí ìrù rẹ̀ bá wálẹ̀, mímì á máa gbé e jìnnà sí i ni. Ẹ fà á padà kí ẹ tún un jù.

Kí ló wá fà á tí tiyín fi há? Nígbà tí àpò kan ikùn ẹ̀ka, okùn sọ fún ọwọ́ yín pé nǹkan dí òun lọ́nà, ẹ̀yin sì dá a lóhùn pẹ̀lú agbára. Àpò wá wọ ibi tóóró tí ẹ̀ka ti pín, ó fún síbẹ̀. Bí okùn bá ti le lọ́wọ́, títú sílẹ̀ ni èsì rẹ̀, kì í ṣe fífà.

Bí ẹ ó ṣe gbà á padà nìyí. Ẹ dé akoto, ẹ wọ gíláàsì tó ń dáàbò bo ojú, kí ọmọ lọ dúró sínú ilé. Ẹ dẹ okùn pátápátá, kí ẹ wá ta á sókè lójijì kí ìgbì lè rìn gòkè lọ bá àpò, bíi kí ẹ gbọn omi kúrò lára aṣọ. Ẹ ṣe é láti gbogbo àyíká igi, kì í ṣe ojú kan. Ọ̀pọ̀ àpò tó há ló ń jáde báyìí láìsí wàhálà. Bí kò bá jáde, ẹ wé okùn mọ́ igi kékeré kan láti fi ṣe ọwọ́ ìdìmú, ẹ má wé e mọ́ ọwọ́ tàbí ìka yín rárá, Dyneema tẹ́ẹ́rẹ́ a máa gé ẹran ara. Ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, kí orí àti ojú má sí lójú ọ̀nà okùn, kí ẹ fà á le díẹ̀díẹ̀, láìjá a gbà. Ẹ̀ka ń tẹ̀ bí ọrun bí ẹ ṣe ń fà á. Bí àpò bá jáde, á bọ̀ bí ọfà. Mo sọ ọ́ nítorí ó ti ṣe mí rí. Lọ́dún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, mo dúró lójúkojú pẹ̀lú àpò ounce 14, mo ń fà á, mo sì ń wò ó. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ló bà, ó wú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Díẹ̀ ló kù kó jẹ́ ẹyinjú.

Bí gbogbo èyí bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ mú àpò kejì, ẹ ju okùn mìíràn sí ẹ̀ka tó dára nítòsí, kí ẹ gùn ún níjọ́ kan tí olùkọ́ yín bá wà níbẹ̀, kí ẹ fọwọ́ mú àpò náà wálẹ̀. Ẹ má gé okùn kí ẹ fi ìyókù rẹ̀ sílẹ̀ lórí igi. Ẹyẹ àti ọ̀kẹ́rẹ́ ń kó sí i.

Bí okùn bá ti jókòó dáadáa, ó ku kó fa okùn ìgungi gòkè. Ẹ so ó mọ́ okùn ìgungi ní nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan sí orí rẹ̀, kí ẹ wá tún fi yí i lẹ́ẹ̀mejì bí ẹ ṣe ń bọ̀ síhà orí, kí orí okùn náà nà tọ́ bí ìrù eku. Bí kókó bá rí gìdìgbà, ibi tí ẹ̀ka ti pín ló máa dì mọ́, ẹ ó sì padà sí wàhálà Sátidé. Ibi tí okùn ìgungi ti máa fara ha èèpo, ẹ fi awọ tàbí ọ̀pá roboto oníhò tí wọ́n ń tà fún un bò ó, kí okùn má bàa bó igi. Ẹ mú awò awọ̀nàjíjìn bí ẹ bá ní, kí ẹ wo ibi tí okùn jókòó sí gan-an. Lẹ́yìn náà, kí àgbàlagbà méjì dìrọ̀ mọ́ okùn náà pa pọ̀, jẹ́jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n tó wá máa fò mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, kí ẹlòmíràn dúró lókèèrè kó máa wo ẹ̀ka, kó sì máa gbọ́ bóyá ó dún. Bí ẹ bá gbọ́ ìró kankan, ẹ wá ẹ̀ka mìíràn.

Ọ̀rọ̀ rọ́bà tí ọkọ yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Rọ́bà ńlá orí ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 8 lè ta àpò dé ẹsẹ̀ bàtà 100, ó sì wúlò lórí igi tí kò sí bí ọwọ́ ṣe lè dé e. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980 síwájú, Donald Perry, tó ń ṣèwádìí orí igi nínú igbó kìjikìji La Selva ní Costa Rica, ọfà alágbára ló fi ń ta okùn gòkè, torí igi ibẹ̀ kò gba ọwọ́. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìnkùlé tí ilé aládùúgbò wà nítòsí, àpò òjé tí rọ́bà ta tó ṣì ọ̀nà lè kọjá orí igi lọ fọ́ gíláàsì ọkọ̀ ẹlòmíràn, tàbí kó bá ọmọ ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ti ń fi ọwọ́ bá ẹsẹ̀ bàtà 50 láìṣì, tí ẹ sì rí i pé ẹ fẹ́ ga sí i, ẹ padà kọ̀wé sí mi, a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀. Níbi ìdíje àgbáyé àwọn agungi tí International Society of Arboriculture, ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́jú igi, ń ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1976, jíjù okùn jẹ́ ìpele kan lọ́tọ̀. Ẹ lọ wo fídíò àwọn tó ń ṣe é dáadáa, kí ẹ wo bí apá wọn ṣe rọ̀.

Ní ti ọmọ yín, ẹ fún un ní àpò ounce 8, kí ẹ gbé àgbá tàbí táyà ògbólógbòó kan sínú pápá. Ẹ jẹ́ kó máa fì í sínú rẹ̀ láti ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kí ẹ tó gbé ojú rẹ̀ sókè sí ẹ̀ka kankan. Ẹ̀yin náà ẹ bá a ṣe é. Ogún jíjù lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan dára ju wákàtí méjì Sátidé lọ, torí bí apá bá ti rẹ̀, àṣìṣe ló ń kọ́.

Nígbà tí àpò tó há bá sọ̀, ẹ má tètè sọ ọ́ sínú àpótí. Òjò ti pa á, ẹ̀ka ti ha á; ẹ yẹ ojú rírán rẹ̀ wò bóyá ó ti ń tú. Òjé kì í ṣe ohun tí ọmọdé gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn tán kó lọ jẹun. Bí ẹ bá rí ihò lára rẹ̀, ẹ má rán an, ẹ ra òmíràn, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó wọlé.